Agolo Bisikíìtì Láti Kùmásì, Sikánà Àtijọ́, àti Ojú Bàbá Wa

Ní Jos níbi tí à ń gbé, ọyẹ́ ti mú débi pé ètè àwọn ọmọ ń là, eruku sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn tí a ti fi àkísà dí wọlé. Ọ̀rọ̀ eruku yìí yóò tún jẹ yọ níwájú, nítorí ó wà lára ohun tó yọ wá lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe eruku ni olórí ọ̀rọ̀. Olórí ọ̀rọ̀ ni ojú Bàbá wa.

Ní oṣù Kẹsàn-án tó kọjá ni dókítà ojú pè wá wọlé tẹ̀lé Bàbá, tó sì sọ fún wa pé glaucoma ni. Àìsàn yìí kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ńṣe ló máa ń jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó rọra ń ti ilẹ̀kùn. Oògùn tí à ń kán sójú lè mú kó falẹ̀, ṣùgbọ́n ìríran tó bá ti lọ kì í padà wá. Ojú òsì Bàbá ti lọ. Ojú ọ̀tún ṣì ń rí ohun tó bá tóbi, tó sì wà ní ọ̀gangan iwájú rẹ̀.

Nígbà tí a délé, Bàbá kò sọ nǹkan kan nípa ojú. Ó jẹun tán, ó ṣan ọwọ́, ó ní kí a lọ bá òun gbé agolo bisikíìtì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun wá.

Gbogbo wa la mọ agolo náà láti kékeré. A kì í fọwọ́ kàn án. Nẹ́gẹ́tíìfù 48 ló wà nínú rẹ̀, tí a fi bébà pẹlẹbẹ wé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé lógójì ọdún kò ní ṣàì mọ nẹ́gẹ́tíìfù: fíìmù tí ojú ènìyàn máa ń dúdú nínú rẹ̀ bí èédú bí ẹni náà bá pupa, tí irun rẹ̀ á sì funfun. Tiwa yìí fẹ̀ ju ti ìgbà ọ̀dọ́ wa lọ. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 ní ìbú àti ní òró, irú èyí tí àwọn onífọ́tò ń lò láyé ìgbà yẹn.

Àbúrò bàbá-bàbá wa ló ya wọ́n ní Kùmásì, níbi tó ṣí ilé fọ́tò sí. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò, Ìnísà àti Ṣakí pọ̀ ní ilẹ̀ Gánà nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú yín tó ń ka èyí sì lè ní ìtàn tó jọ tiwa. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí wọ́n kúrò nílùú. Ọmọ ọdún 14 ni Bàbá. Ó ní onífọ́tò náà fi àga, aṣọ ẹ̀yìn fọ́tò àti iná rẹ̀ sílẹ̀. Ó ta kámẹ́rà ní owó tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ó kó ìwọ̀nba nẹ́gẹ́tíìfù tó jẹ́ ti mọ̀lẹ́bí àti aládùúgbò sínú agolo bisikíìtì, nítorí pé wọn kò wúwo. Àwọn fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ jáde lára wọn ti bá àwọn tó ni wọ́n lọ. Ohun tó kù fún ìdílé wa ni agolo yìí. Ó bá wọn dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì tẹ̀lé Bàbá wá sí Jos nígbà tó wá ṣòwò.

Bàbá ní, "Mo mọ orúkọ wọn. Ẹ jẹ́ kí n rí ojú wọn, kí n lè sọ ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fún yín. Bí n ò bá sọ ọ́, ta ló kù tí yóò sọ ọ́?"

Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Nínú gbogbo àwọn tó bá wọn wọ lọ́rí kan náà padà láti Gánà, Bàbá nìkan ló kù nínú ìdílé wa.

Sikánà tó ní iná nínú ọmọrí

A kọ́kọ́ gbìyànjú fóònù. A tan ojú fóònù kan kó funfun, a gbé nẹ́gẹ́tíìfù lé e, a fi fóònù kejì yà á, a sì yí dúdú sí funfun. Ó dára fún wíwò lásán. Ṣùgbọ́n fíìmù náà ti ká, ẹ̀gbẹ́ kan hàn kedere, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣókùnkùn. Bí a bá sì sọ ọ́ di ńlá tó bí ojú Bàbá ṣe ń fẹ́, ojú àwọn ènìyàn inú rẹ̀ á di ìrúkúrúkú.

Ọ̀rẹ́ Bàbá kan wà tó ya fọ́tò fún ọ̀pọ̀ ọdún ní agbègbè Terminus kó tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Nígbà tó gbọ́, ó ní sikánà kan wà nílé òun tí òun ń fi aṣọ bò, kí a wá gbé e. Iná wà nínú ọmọrí sikánà náà, ohun pàtàkì sì nìyẹn. Sikánà tí a fi ń ya ìwé máa ń tan iná láti ìsàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà á kan ìwé, á sì ta padà. Nẹ́gẹ́tíìfù kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wá láti òkè, kó gba inú rẹ̀ kọjá. Sikánà tó ní irú ọmọrí yìí wọ́n gan-an bí a bá fẹ́ ra tuntun. Tiwa dé lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú wáyà rẹ̀, àti sídíì kan tí wọ́n kọ Windows XP sí lára.

Ẹni tó bá mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà yóò ti máa rẹ́rìn-ín báyìí. Ọdún 2001 ni Windows XP jáde, ilé-iṣẹ́ Microsoft sì ti jáwọ́ nínú ìtọ́jú rẹ̀ láti oṣù Kẹrin ọdún 2014. Àwa kò rẹ́rìn-ín ní tiwa. Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ wa nínú ilé yìí: à ń ka ìwé nípa ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ní yunifásítì, a sì ń tún ìwé tí àwọn ẹlòmíràn kọ ṣe. Lójú tiwa, ohun tó ní wáyà tó sì ní ibi tí a ń ki wáyà bọ̀, ó yẹ kó ṣiṣẹ́.

A kì í sí kọ̀ǹpútà tuntun wa, èyí tó jẹ́ Windows 10. Ó dún pìn-ìn, ó sì dákẹ́. Nígbà tí a ṣí Device Manager, ìyẹn ibi tí Windows máa ń to orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn sí, a rí ohun kan tí kò lórúkọ, tí àmì ìkìlọ̀ aláwọ̀ ìyeyè wà lára rẹ̀. Ó mọ̀ pé àlejò dé, ṣùgbọ́n kò gbọ́ èdè tó ń sọ.

Kí ni dráífà gan-an?

Ohun tí kọ̀ǹpútà náà kò ní ni wọ́n ń pè ní dráífà. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà ní tààrà, a ó pè é ní awakọ̀, ṣùgbọ́n kò wa ohunkóhun. Ògbufọ̀ ni. Sikánà ní èdè tirẹ̀: gbé iná lọ síwájú, dúró, ka ìlà yìí, fi ránṣẹ́. Windows náà ní tirẹ̀. Dráífà ló ń jókòó sáàárín wọn, tó ń gbọ́ méjèèjì.

Ẹ sì mọ̀ pé ògbufọ̀ tó gbọ́ èdè ìlú kan lè má gbọ́ ti ìlú kejì. Dráífà tí wọ́n ṣe fún Windows oníbíìtì 32 kò lè wọ inú ọkàn Windows oníbíìtì 64 rárá. Láti ayé Windows Vista ni Windows oníbíìtì 64 sì ti ń béèrè òǹtẹ̀ lọ́wọ́ irú dráífà bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò bá ní òǹtẹ̀ tó tọ́, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé, Device Manager á sì kọ Code 52 síwájú rẹ̀. Kì í ṣe ìkà. Dráífà ń ṣiṣẹ́ níbi tó jinlẹ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà, èyí tó bá ya wèrè níbẹ̀ lè wó gbogbo ilé.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ilé-iṣẹ́ tó ṣe sikánà náà ní dráífà Windows 7 oníbíìtì 64. Kò sí èyí tó tẹ̀lé e. Wọ́n ti lọ síbi ọjà tuntun. A bá rántí kọ̀ǹpútà àtijọ́ wa tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Windows 7 ló wà nínú rẹ̀, bíìtì 64 ni. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020 ni àtúnṣe ààbò ti dáwọ́ dúró fún Windows 7, nítorí náà a kò jẹ́ kó fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì. A gba dráífà sórí kọ̀ǹpútà tuntun, a fi fláàṣì gbé e kọjá.

Ó ṣiṣẹ́! Iná sikánà tàn, ó ń rìn kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. A fò sókè. Ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lọ pe bàbá-bàbá rẹ̀.

A bá ṣí ètò tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, èyí tí ó lè yí nẹ́gẹ́tíìfù padà dáadáa. Ó ní òun kò rí sikánà kankan. Sikánà náà wà lórí tábìlì, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Bàbá dúró díẹ̀, ó ní, "Ẹ má ṣe ìyọnu, ó di ọ̀la," ó sì padà sí yàrá.

Bí a ṣe fi ọwọ́ ara wa da omi sí iná

Ohun tó yẹ kí a ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé kí a lọ sùn. A kò sùn. A gba ètò mìíràn tó ní òun lè bá sikánà àtijọ́ ṣiṣẹ́, a sì fi sí i. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n dráífà tirẹ̀ ló bá a wá, dráífà náà sì gba sikánà mọ́ ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Ètò àkọ́kọ́ kò rí sikánà mọ́. Èkejì rí i, ṣùgbọ́n bó bá ya fọ́tò dé ìdajì, á dúró gbọin. A tún fi dráífà àkọ́kọ́ sí i lé èkejì lórí, a kò yọ ohunkóhun. Nígbà tó di aago kan òru, a ki sídíì Windows XP bọ̀ ọ́, a ní bóyá, bóyá.

A fi wáyà sí i. Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà di búlúù, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ funfun. Ó pa ara rẹ̀, ó tún ara rẹ̀ tàn, ó tún di búlúù.

Ó yẹ kí a jẹ́wọ́ ohun tó mú kí àyà wa já. Inú kọ̀ǹpútà náà ni ohùn àwọn àgbà tí a gbà sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí wa wà, wákàtí lórí wákàtí, díẹ̀ nínú àwọn tó sì sọ̀rọ̀ náà ti di olóògbé. A kò ní ẹ̀dà rẹ̀ kankan níbòmíràn. Àwa tí a ń gba ẹlòmíràn níyànjú pé kí wọ́n tọ́jú ohùn àwọn òbí wọn! A jókòó, a ń wo ara wa. Ojú Bàbá ni a fẹ́ gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ òkùnkùn, a ti fẹ́ fi ohùn àwọn àgbà mìíràn dí i.

Ọlọ́run ṣàánú wa. Lórí Windows 7, bí ẹ bá ń tẹ F8 lemọ́lemọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tàn, ó lè gbé yín wọ Safe Mode, níbi tí kì í ti í pe dráífà tí kò pọn dandan. Ibẹ̀ la gbà wọlé. A ṣí System Restore, a rí ọjọ́ kan tó ti tọ́jú ara rẹ̀ sílẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a ní kó padà síbẹ̀. Nígbà tó tàn, ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a da gbogbo ohùn náà sórí háàdì díìsìkì méjì. Ìrun àsùbá ti ń lọ lọ́wọ́ ní mọ́ṣáláṣí nígbà tí a fi orí lé ìrọ̀rí.

Ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ

Ní òwúrọ̀, Bàbá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. A ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà da àgbàlagbà láàmú, a kàn sọ fún un pé ògbufọ̀ ni dráífà, àti pé ó jọ pé a ti pe ògbufọ̀ púpọ̀ jù.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ní ọjà Kejetia ní Kùmásì, ìkòkò àti abọ́ ni ìyá òun ń tà, kò sì gbọ́ Twi dáadáa. Òun àti ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ló ń gbọ́ ọ fún un. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan wá ra ìkòkò ńlá. Ẹ̀gbọ́n pe iye kan, Bàbá pe iye mìíràn lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì sì ń sọ fún ìyá wọn ní Yorùbá ohun tí obìnrin náà kò sọ. Obìnrin náà wò wọ́n, ó pòṣé, ó lọ ra ìkòkò níbòmíràn.

"Ìyá mi ò nà wá," ni Bàbá wí. "Ó ní láti òní lọ, bí ọ̀kan bá ti ń sọ̀rọ̀, kí èkejì lọ jókòó sẹ́yìn ìkòkò. Ẹ lé wọn lọ ná. Gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ wá pe ẹyọ kan."

Ẹ̀gbọ́n Bàbá yìí kò bá wọn padà ní 1969. Ó ti fẹ́ ará Kùmásì, ó sì dúró ti ọkọ rẹ̀. Ó ti di olóògbé.

Ohun tí a ṣe, ní ẹsẹẹsẹ

Nítorí àwọn tó ní irú ìṣòro yìí nílé, a ó sọ ọ́ bí a ṣe ṣe é.

Lákọ̀ọ́kọ́, a yọ wáyà sikánà. A yọ ètò gbogbo tó jẹ mọ́ ọn kúrò láti Control Panel.

Lẹ́yìn náà, a lé àwọn ògbufọ̀ tó fara pamọ́. Windows máa ń rántí ẹ̀rọ tí a ti yọ wáyà rẹ̀, kì í sì í fi wọ́n hàn. Lórí Windows 7, a ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, a tẹ *set devmgr_show_nonpresent_devices=1*, a tẹ Enter, a sì tẹ *start devmgmt.msc* nínú ojú kan náà. Device Manager ṣí. A lọ sí View, a yan Show hidden devices. Bí System Restore ṣe gbà wá tó, orúkọ sikánà náà ṣì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí òjìji. A yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì rí i dájú pé a fa àmì sínú àpótí kékeré tó ń béèrè bóyá kí ó pa dráífà náà rẹ́. Ẹ má ṣe gbójú fo àpótí yẹn. Bí ẹ kò bá fàmì sí i, ògbufọ̀ náà kàn bọ́ síta ni, á tún padà wọlé bí ẹ bá ti fi wáyà sí i.

A pa kọ̀ǹpútà, a tún un tàn. Dráífà Windows 7 oníbíìtì 64 nìkan la fi sí i, nígbà tí wáyà kò tíì sí lára rẹ̀. Nígbà tó parí tó sì ní kí a so sikánà mọ́ ọn ni a tó so ó. Ọ̀pọ̀ sikánà àtijọ́ ni ètò yìí ṣe pàtàkì sí: ògbufọ̀ kọ́kọ́ jókòó, kí àlejò tó wọlé. Inú kọ̀ǹpútà gan-an la ki wáyà bọ̀, kì í ṣe inú ẹ̀rọ tó ń pín ojú USB, a sì lo ojú USB 2, nítorí pé Windows 7 kò gbọ́ èdè USB 3 fúnra rẹ̀.

Ìdí tí ètò fọ́tò wa fi ní òun kò rí sikánà ló kù. A wọ inú fódà Windows lórí kọ̀ǹpútà. Fódà méjì wà níbẹ̀: twain_32 àti twain_64. TWAIN ni àdéhùn tó ti wà láti ọdún 1992 nípa bí ètò fọ́tò àti sikánà ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Sikánà wa ní ohun tirẹ̀ nínú twain_32. Kò ní nǹkan kan nínú twain_64. Ètò fọ́tò wa sì jẹ́ bíìtì 64, kò lè wo inú fódà kejì. Gbogbo làálàá òru méjì, ohun tó fà á nìyẹn. Ètò náà kò bàjẹ́, sikánà kò bàjẹ́. Yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jókòó sí, tí wọ́n ń dúró de ara wọn.

A fi ẹ̀dà bíìtì 32 ti ètò kan náà sí i. Ó rí sikánà lójú ẹsẹ̀. Òun la fi ń yà á, a sì ń tọ́jú rẹ̀ bíi TIFF, tí kì í gé nǹkan kan kúrò lára fọ́tò. Bí a bá fẹ́ tún un ṣe, a ó ṣí i nínú ti bíìtì 64.

Ọ̀rọ̀ eruku wá dé. Sikánà náà ní bọ́tìnì kan tó máa ń yọ àmì eruku. A tẹ̀ ẹ́, ó sì ba ojú àwọn ènìyàn jẹ́. Fíìmù aláwọ̀ ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún. Ó ń lo ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí, tó ń gba inú fíìmù aláwọ̀ kọjá tí eruku nìkan á sì dí i lọ́nà. Fàdákà ló ń ya àwòrán nínú fíìmù dúdú-àti-funfun, fàdákà sì ń dí ìmọ́lẹ̀ náà bíi ti eruku. A bá pa bọ́tìnì náà. Rọ́bà tí a fi ń fa ikun imú ọmọ nígbà tí ọmọ wa wà ní jòjòló, tuntun kan irú rẹ̀ la rà, la fi ń fẹ́ eruku kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fèrèsé ní títì, fáànù ní pípa, ọmọ wa ló sì ń fẹ́ ẹ.

Alẹ́ tí a fi wọ́n han Bàbá

Ọjọ́ mẹ́rin la fi ya gbogbo rẹ̀, nítorí NEPA. A kò fi ẹyọ kan hàn án títí a fi parí. A so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, a gbé àga Bàbá sún mọ́ ọn tó bí ìgbọ̀nwọ́ méjì. Bí ojú kan bá wà ní ẹ̀gbẹ́ fọ́tò, a ó fà á wá sí àárín, a ó sọ ọ́ di ńlá, nítorí àárín nìkan ni ojú Bàbá ń rí. Ọmọ wa jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò. A gbé fóònù sílẹ̀ kó máa gba ohùn.

Bàbá kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ ọ́ fún wákàtí mẹ́ta. Èyí ni ìyàwó aláṣọ tó kọjú sí wọn. Èyí ni àlùfáà tó ń kọ́ wọn ní kéwú. Ó rí ìyá rẹ̀ tó wọ ìró àti bùbá níwájú aṣọ ẹ̀yìn tí wọ́n ya odò sí, ó ní, "Ìyá mi kéré báyìí?" Ó ti ju ìyá rẹ̀ inú fọ́tò lọ ní ọjọ́ orí fíìfíì.

A dé orí ìkọkànlélógún. Ọmọkùnrin méjì ló gbá èjìká ara wọn mú, bàtà ẹnì kan tóbi jù ú lọ. Bàbá dákẹ́. Ó wá sọ nǹkan kan ní Twi, èdè tí a kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti dáyé. Ó ní Kòfí nìyẹn, ọmọ ilé kejì. Kwabena ni Kòfí ń pe òun, nítorí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n bí òun. Kòfí ló ru àpótí òun dé ibi ọkọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ. Bàbá ní, "Ó fún mi ní bàtà rẹ̀ lọ́nà. Mo wọ̀ ọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́."

Àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè, tí a ti gbé ẹ̀rọ lọ bá àwọn àgbà ní ìlú mìíràn pé kí wọ́n sọ̀rọ̀, a kò mọ̀ pé èdè kan wà nínú ilé wa tí a kò béèrè rí.

Ìkọkànlélọ́gbọ̀n ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó dúró láàárín ìkòkò tí wọ́n tò gègèrè, tó na ìka sí ẹni tí ń yà á. Bàbá kò nílò kí a sọ ọ́ di ńlá. "Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Ó ń sọ fún un pé kó má yà á, irun òun ò tíì gún."

A fi fọ́tò náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Kùmásì, tó ti ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ. Kò dáhùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì, ó pè. Ó ní òun kò rí fọ́tò ìyá òun nígbà èwe rí láti ọjọ́ tí òun ti dáyé, ó sì ti gbé e yí gbogbo ilé ká. Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ wa, wọ́n sì sọ ọ́ ní Twi. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ fún wa, a kò sì béèrè.

Nínú 48, Bàbá mọ àwọn tó wà nínú 33. Nínú 15 tó kù, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kò mọ̀ wọ́n. Bí ẹnì kan nínú yín bá ní òbí tó gbé Kùmásì kí ó tó di 1969, ẹ jókòó tì í lálẹ́ òní, ẹ béèrè orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé wọ́n wà lọ́wọ́ wa.

Bí ẹ bá sì ní agolo tiyín, ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Ẹ da ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín sí ibi méjì kí ẹ tó fọwọ́ kan dráífà kankan. Ẹ má ṣe sọ pé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò wúlò mọ́, ó lè gbọ́ èdè ẹ̀rọ ìgbà tirẹ̀, kí ẹ ṣáà má jẹ́ kó dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ògbufọ̀ kan tó fún sikánà kan. Bí aago bá sì ti lu méjìlá òru tí kò ṣiṣẹ́, ẹ lọ sùn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún mú àwọn òbí yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, kódà bí wọ́n bá ní ojú kò dun àwọn. Aago mẹ́jọ alẹ́ ti lù bí a ṣe ń parí èyí. Àkókò oògùn ojú Bàbá ti tó, ó sì ti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí a tún fi Kòfí han òun.